Ṣé ebi ló ń pa àtọ̀ mi ni? Ìdáhùn fún oníbúrẹ́dì kan ní Apáta

Arákùnrin kan ló kọ̀wé báyìí: “Ẹ káàsán mà. Ọmọ ọdún 37 ni mí, búrẹ́dì ni mò ń ṣe ní Apáta níbí. Ó ti pé ọdún mẹ́rin tí mo gbéyàwó, a ò tíì rí oyún rárá. Wọ́n yẹ ìyàwó mi wò, wọ́n ní kò sí nǹkan tó ṣe é. Èmi náà wá lọ ṣe tẹ́ẹ̀sì. Àtọ̀ tí mo gbé lọ tó mílílítà 3, sípáàmù (ẹ̀yà wíńníwíńní inú àtọ̀ tó ń wọnú ẹyin obìnrin di oyún) tó wà níbẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 44 nínú mílílítà kan, ṣùgbọ́n wọ́n ní ìdá 12 péré nínú 100 ló ń mira, wọ́n kọ asthenozoospermia (ìyẹn ni pé sípáàmù ò mira tó) sí i nísàlẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan tó kà á lórí fóònù ní wọn ò lágbára ni, pé mẹtabọ́líìsìmù wọn, ìyẹn bí wọ́n ṣe ń sọ oúnjẹ di agbára, ò dáa, ebi ń pa wọ́n, kí n máa mu gúlúkóòsì àti oyin láàárọ̀ lálẹ́. Màmá ìyàwó mi ní kí n má gbọ́ ọ o, pé ṣúgà ló ń fa jẹdíjẹdí, jẹdíjẹdí ló sì ń sọ àtọ̀ ọkùnrin di omi. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀ mà? Kọ́ńdọ̀mù ni mo gbà á sí nílé, mo fi píọ̀ wọ́tà tútù tì í kó má baà bàjẹ́ kí n tó dé lábù ní Mọ́kọ́lá.”

Ẹ kú ìfaradà, ẹ̀yin àti ìyàwó yín. Ọdún mẹ́rin kì í ṣe ọjọ́ mẹ́rin, pàápàá n'Íbàdàn wa yìí tó jẹ́ pé ìsọmọlórúkọ tí ẹ bá lọ, ẹnìkan á ṣáà fà yín síwájú, á gbé ọmọ ọlọ́mọ lé yín lọ́wọ́, á máa ṣàdúrà, gbogbo ojú á sì máa wò yín. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń wo àtọ̀ lábẹ́ maikirosíkóòpù, Ìyá Alátọ̀ làwọn ọmọ lábù ń pè mí tí wọ́n bá rò pé mi ò sí nítòsí, torí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí mo ṣe mọ̀ ọ́n. Ohun tí ẹ ń bi mí ni pé ṣé oúnjẹ ni sípáàmù yín ò rí jẹ, àbí oúnjẹ dídùn tí ẹ̀yin ń jẹ ló bà á jẹ́. Màá dé orí àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n gbólóhùn tí ẹ fi parí ọ̀rọ̀ yín, èyí tí ẹ kàn sọ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ òjò àná, òun ló gbé mi dìde lórí àga.

Kọ́ńdọ̀mù kẹ̀! Kọ́ńdọ̀mù tí wọ́n ń tà ní kẹ́míìsì, rọ́bà ẹ̀ àti nǹkan tí wọ́n fi ń pa á lára kó lè máa yọ̀ kì í bá sípáàmù lára mu, òmíràn tiẹ̀ ní oògùn tó ń pa sípáàmù nínú, torí kí oyún má baà dúró kúkú ni wọ́n ṣe ṣe é. Ẹ wá gbà á síbẹ̀, ẹ wé e mọ́ píọ̀ wọ́tà tútù, ẹ gun ọ̀kadà láti Apáta, ẹni tó bá sì mọ Dùgbẹ̀ láago mẹ́jọ àárọ̀ mọ̀ pé ẹ ò lè tètè kọjá, kí ẹ tó wá dé lábù kí ẹ tún jókòó sórí bẹ́ńṣì kó tó kàn yín. Àtọ̀ kì í ṣe ẹja inú firísà o. Inú ara tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ló ti jáde, òtútù òjijì máa ń ba awọ ara sípáàmù jẹ́, òmíràn kì í sì bọ́ níbẹ̀ mọ́. Ohun tó yẹ ni kí ẹ gbà á sínú ike mímọ́ tí lábù fún yín, nínú yàrá tí wọ́n yà sọ́tọ̀ níbẹ̀ gan-an tó bá ṣeé ṣe. Tó bá di dandan kó jẹ́ ilé, kó dé ọwọ́ wọn kó tó pé wákàtí kan, kó má tutù ju ìwọ̀n 20°C lọ, kó má gbóná ju 37°C lọ, ẹ kàn fi ike náà sábẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì kó fara kan ara yín, ó parí.

Kí ẹ má rò pé ẹ̀yin nìkan, èmi gan-an ti ṣìnà níbẹ̀ rí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nígbà náà, ní lábù kan tí mi ò ní dárúkọ, ọyẹ́ mú láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, mo gbé síláìdì lé orí tábìlì símẹ́ńtì tó tutù nini, mo lọ gbé ìwé, ìgbà tí mo padà wá wò ó kò sí èyí tó ń mira nínú wọn, mo ti kọ òdo sílẹ̀. Ọ̀gá mi kàn mú síláìdì náà, ó tẹ́ ẹ sí àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú méjì, ó ní kí n tún wò ó. Wọ́n ti ń sáré bí ọmọ iléèwé tí wọ́n lu agogo ìsinmi fún. Mi ò gbàgbé láyé mi, torí ìwé tí mo fẹ́ fún ọkùnrin yẹn, ó lè fi tú ilé ẹ̀ ká. Ẹlòmíì tún wà tó gbé tiẹ̀ wá nínú ìgò oògùn ikọ́ tó fi ọṣẹ ìfọṣọ fọ̀ mọ́ tónítóní, gbogbo ẹ̀ kú pátá, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kẹrin tó wá gbà á lọ́dọ̀ wa, àtọ̀ ọkùnrin kan náà, bí ìlàjì wọn ló ń lúwẹ̀ẹ́.

Nítorí náà ìdá 12 yẹn, mi ò ní irọ́ ni, ṣùgbọ́n mi ò tíì gbà á gbọ́. Ẹ sì tún jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe ń ka nọ́ńbà yìí, torí bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sínú ìwé máa ń dà bí ìdájọ́. Nínú ìwé ìlànà tí WHO, àjọ ìlera àgbáyé, gbé jáde lọ́dún 2021, ìlà ìsàlẹ̀ fún iye sípáàmù jẹ́ mílíọ̀nù 16 nínú mílílítà kan, tiyín ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, ti mímira jẹ́ 42 nínú 100, ti àwọn tó ń lọ síwájú tààrà jẹ́ 30. Ọ̀dọ̀ àwọn ọkùnrin tí ìyàwó wọn lóyún láàárín ọdún kan ni wọ́n ti rí ìlà yẹn fà, márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló sì wà lábẹ́ ẹ̀, àwọn náà bímọ. Ẹ tún ṣírò ẹ̀ wò: mílíọ̀nù 44 lọ́nà mẹ́ta jẹ́ mílíọ̀nù 132, ìdá 12 nínú ẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 15 tó ṣì ń mira lẹ́yìn gbogbo ìyà tí ẹ fi jẹ wọ́n lójú ọ̀nà. Wọ́n gbìyànjú jàre.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ebi. Sípáàmù kan, ẹ rò ó bí ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ inú omi, ó ní orí tó gbé ẹrù bàbá, ó ní ọrùn, ó wá ní ìrù gígùn. Ọrùn yẹn ni wọ́n to nǹkan tí wọ́n ń pè ní maitokọ́ńdíríà yí ká bí ẹni wé okùn mọ́ igi, bíi 50 sí 75 wọn, jẹnẹrétọ̀ kéékèèké ni wọ́n, afẹ́fẹ́ ọ́síjìn ni wọ́n ń lò, iná tí wọ́n ń mú jáde ló ń jẹ́ ATP, iná yẹn ló ń mú kí ìrù máa nà bí pàṣán. Ṣùgbọ́n ìrù gùn, iná ọrùn kì í fi bẹ́ẹ̀ dé ìdí ẹ̀, ìyẹn ni Ọlọ́run fi fún ìrù fúnra ẹ̀ ní sítóòfù tiẹ̀ lọ́tọ̀, tó ń dáná ṣúgà láìlo ọ́síjìn. Lọ́dún 2004 àwọn onímọ̀ kan yọ jíìnì kan ṣoṣo kúrò lára eku, jíìnì èròjà tó ń bá sítóòfù ìrù yẹn ṣiṣẹ́. Jẹnẹrétọ̀ ọrùn wọn ṣì ń ṣiṣẹ́ geerege, síbẹ̀ ATP wọn já wálẹ̀ sí bí ìdá kan nínú mẹ́wàá, sípáàmù wọn ò lè lọ síwájú, akọ eku náà ò sì lè bímọ. Nínú ènìyàn, àwọn amòye ṣì ń jiyàn lórí èwo ló ṣe pàtàkì jù nínú méjèèjì, èmi rò pé wọ́n ń lo méjèèjì bí àwa náà ṣe ń lo NEPA tí a tún ra jẹnẹrétọ̀ sílé. Torí náà ọ̀rẹ́ yín ò parọ́ nígbà tó ní mẹtabọ́líìsìmù wà nídìí ẹ̀, sípáàmù tí ò rí iná lò ò lè rìn, èyí tí ò lè rìn ò lè dé ọ̀dọ̀ ẹyin, bó bá tiẹ̀ dé ibẹ̀ gan-an ó ṣì nílò agbára láti fi ìrù ja ara ẹ̀ wọlé.

Ibi tó ti ṣìnà ni pé ó rò pé ẹnu yín ni sípáàmù ń gbà jẹun. Ọdún 1946 ni onímọ̀ kan, ọ̀gbẹ́ni Thaddeus Mann, fi hàn ní Cambridge pé ṣúgà tó wà nínú àtọ̀ kì í ṣe gúlúkóòsì, fúrúkútóòsì ni, irú èyí tó wà nínú èso. Àpò kékeré méjì kan wà lẹ́yìn àpò ìtọ̀ wa, ibẹ̀ ni èyí tó pọ̀ jù nínú omi àtọ̀ ti ń jáde, àwọn ló ń mú ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, wọ́n á sọ ọ́ di fúrúkútóòsì, wọ́n á bù ú sínú àtọ̀. Ẹ̀jẹ̀ yín kì í ṣaláìní ṣúgà àyàfi tí ẹ bá ń dákú lọ, tí ẹ bá mu gúlúkóòsì ife mẹ́ta sí i, ara á kó o pamọ́, á sọ ọ́ di ọ̀rá sí yín níkùn, àpò yẹn ò ní torí ẹ̀ bù jù bó ṣe yẹ lọ. Tí fúrúkútóòsì ò bá sí nínú àtọ̀ rárá, ohun tí àwa máa ń rò ni pé ọ̀nà ti dí tàbí àpò yẹn ò sí látìgbà tí wọ́n ti bí i, irú ẹni bẹ́ẹ̀, àtọ̀ ẹ̀ kì í pọ̀, a kì í sì í rí sípáàmù kankan nínú ẹ̀. Tiyín kún mílílítà 3, mílíọ̀nù 44. Oúnjẹ wà níbẹ̀. Ibi tí ebi ti lè pa wọ́n lóòótọ́ ni inú kọ́ńdọ̀mù tí ẹ fi wọ́n sí títí ẹ fi dé lábù, wọ́n á jẹ ṣúgà ibẹ̀, wọ́n á ya omi kíkan lé ara wọn lórí, ìgbà tí wọ́n bá máa fi wò wọ́n ó ti rẹ̀ wọ́n.

Ní ti màmá, ẹ fi sùúrù bá wọn sọ ọ́, ìyá ìyàwó ni wọ́n. Jẹdíjẹdí tí a ń pè yẹn, ìdí ló ń ṣe, iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wú síbẹ̀ ni, kò sí ọ̀nà tó gbà dé ibi tí kórópọ̀n ti ń ṣe sípáàmù. Àtọ̀ tó ṣàn bí omi náà kì í ṣe ẹ̀rí pé sípáàmù ò sí, gbogbo àtọ̀ ló máa ń yòrò tí ó bá ti tó bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ọgbọ̀n, èmi ti rí èyí tó ki bí ọ̀gì tí kò ní ẹyọ kan nínú. Ṣùgbọ́n òótọ́ kékeré kan wà lọ́rọ̀ wọn: àtọ̀gbẹ. Ẹni tí ṣúgà ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ bá ga fún ọdún pípẹ́ láìtọ́jú, nǹkan ọmọkùnrin ẹ̀ lè má fẹ́ dìde mọ́, àtọ̀ sì lè máa padà sínú àpò ìtọ̀ dípò kó jáde. Nítorí náà nínú ìmọ̀ràn méjèèjì, tí ó bá jẹ́ dandan kí ẹ mú ọ̀kan, ti màmá ò lè pa yín lára, ti gúlúkóòsì àràárọ̀ lè ṣe é.

Bí èsì kejì bá wá jáde tó ṣì lọ sílẹ̀ ńkọ́? Nígbà náà ẹ jẹ́ ká wo èéfín. Jẹnẹrétọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ rú èéfín, maitokọ́ńdíríà náà ń rú tiẹ̀, èròjà kan tó wá látara ọ́síjìn ni, díẹ̀ nínú ẹ̀ wúlò fún sípáàmù ṣùgbọ́n tó bá ti pọ̀ jù ó ń jẹ ẹ́ run. Látọdún 1943 ni onímọ̀ kan, John MacLeod, ti rí i pé tí ọ́síjìn bá pọ̀ jù yí sípáàmù ènìyàn ká, rírìn wọn á máa kú. Ìdí ẹ̀ ni pé awọ sípáàmù kún fún ọ̀rá tó tètè ń dógùn-ún, sípáàmù sì ti bọ́ gbogbo ẹrù ara ẹ̀ dànù kó lè fúyẹ́, kò gbé mẹkáníìkì dání, ohun tó bá bàjẹ́ lára ẹ̀ lójú ọ̀nà ti bàjẹ́ nìyẹn. Ohun tó ń mú èéfín pọ̀ sì pọ̀: àrùn inú ọ̀nà àtọ̀, bí àtọ̀sí tí wọn ò tọ́jú tán, torí sẹ́ẹ̀lì ọyún fúnra ẹ̀ ń rú èéfín ju sípáàmù lọ, sìgá, iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wú nínú ẹpọ̀n, tí dókítà ń pè ní varicocele, apá òsì ló wọ́pọ̀ sí, ó sì wà lára bí ọkùnrin 15 nínú 100, àwọn tó ń wá ọmọ ní í jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì, àti ooru.

Ooru yìí ni mo fẹ́ ká fìdí kalẹ̀ sọ torí iṣẹ́ yín. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ṣe búrẹ́dì ní Àgbéni, ọmọdé ni mí nígbà náà, mo sì ń rí wọn. Láti bí aago mẹ́wàá alẹ́ ni wọ́n ti máa ń kóná sí ààrò, wọ́n á dúró síwájú ẹnu ẹ̀ tí òógùn á máa ro lágbárí, wọ́n á fi igi gígùn yẹn fa páànù jáde, wọ́n á ti òmíràn wọlé, ibi tí ẹnu ààrò sì ga dé lára ọkùnrin, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, ìsàlẹ̀ ìdodo gangan ni. Ẹpọ̀n ò sì ṣàdédé wà níta ara o, ìwọ̀n 2 sí 4°C ló fi tutù ju inú ara lọ, ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti ń lọ dáadáa. Tó bá gbóná fún wákàtí mẹ́jọ lójoojúmọ́, iye sípáàmù lè dín kù, jẹnẹrétọ̀ wọn lè máa rú èéfín. Mi ò ní kí ẹ fi iṣẹ́ sílẹ̀, ta ni yóò bọ́ ilé? Ṣùgbọ́n ẹ lè fún ọmọọṣẹ́ ní ẹnu ààrò kí ẹ̀yin máa po fúláwà, kí ẹ bọ́ pátá tó fún yín pinpin àti jíǹsì yẹn, kí ẹ wọ ṣòkòtò kámpálà tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá. Ẹ ò ní rí àyípadà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Bíi ọjọ́ 74 ni sípáàmù kan fi ń dàgbà nínú kórópọ̀n, ó tún ń lo bí ọ̀sẹ̀ méjì nínú ọ̀nà kó tó jáde, nítorí náà àtọ̀ tí ẹ gbé lọ sí Mọ́kọ́lá yẹn, iṣẹ́ oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ló ń sọ.

Ohun tí màá ṣe tó bá jẹ́ àbúrò mi lẹ jẹ́ nìyí. Ẹ kóra ró, kí àtọ̀ má jáde lára yín, fún ọjọ́ méjì sí méje, kó má dín kó má jù, ẹ lọ gbà á ní lábù fúnra ẹ̀, ẹ tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, torí ẹ̀ẹ̀kan ò tó fi dá ẹjọ́ ọkùnrin. Tí mímira bá ṣì kéré, ẹ ní kí wọ́n fi èròjà eosin yẹ̀ ẹ́ wò, èyí tó ti kú nínú wọn á mu àwọ̀ pupa, èyí tó wà láàyè á funfun. Èyí ṣe pàtàkì gan-an, torí èyí tí kò mira yàtọ̀ sí èyí tó kú. Tí wọ́n bá wà láàyè tí gbogbo wọn ò sì mira rárá, ó lè jẹ́ pé bí ìrù wọn ṣe rí ni kò dáa, tó jẹ́ pé wọ́n bí i mọ́ ọkùnrin náà ni, àwọn ọkùnrin bẹ́ẹ̀ sábà máa ń ní ikọ́ àti imú dídí láti kékeré. Lẹ́yìn náà ẹ lọ rí dókítà tó mọ̀ nípa ẹ̀yà ara ọkùnrin, ní UCH, ilé ìwòsàn ńlá n'Íbàdàn, tàbí ibòmíì, kó fọwọ́ kan yín níbẹ̀ kó mọ̀ bóyá iṣan wú. Kí ojú má tì yín, gbogbo wọn ti rí ju tiyín lọ. Ẹ sì bi ìyàwó yín bóyá wọ́n wo ilé ọmọ nìkan ni àbí wọ́n wo ọ̀nà tí ẹyin ń gbà pẹ̀lú, torí “kò sí nǹkan tó ṣe é” tí mo ń gbọ́ lójoojúmọ́, ìgbà mìíràn wọ́n ò tíì yẹ ìdajì ẹ̀ wò.

Ẹ ó gbọ́ nípa fítámì. Mo mọ̀ pé wọ́n ń tà á káàkiri Gbági àti Bódìjà, èyí tó ní síńkì àti fólíìkì nínú, pé ó ń kó èéfín yẹn kúrò. Mo gbà á gbọ́ tẹ́lẹ̀, èmi gan-an ti júwe ẹ̀ fún èèyàn. Ṣùgbọ́n lọ́dún 2020 wọ́n gbé ìwádìí ńlá kan jáde l'Ámẹ́ríkà, ọkùnrin tó lé ní 2,000 ni wọ́n fi síńkì àti fólíìkì wò fún oṣù mẹ́fà, ọmọ tí ìyàwó wọn bí ò pọ̀ ju ti àwọn tí wọn ò fún. Lọ́dún kan náà wọ́n tún dán àpapọ̀ antioxidant, ìyẹn àwọn èròjà tí wọ́n ní ó ń kó èéfín yẹn, wò fún àwọn ọkùnrin tó ń wá ọmọ, kò mú sípáàmù wọn dára sí i. Nítorí náà owó yín ni, ṣùgbọ́n èmi ò ní ra á. Àgbo inú ọtí, ọ̀pá ẹ̀yìn àti máńpáwà, ọtí ibẹ̀ nìkan tó mi lẹ́rù. Èyí tí mo bẹ̀ yín kí ẹ sá fún bí ẹni sá fún ejò ni abẹ́rẹ́ tẹsitósítẹ́róònù tí wọ́n ń gún fún àwọn ọkùnrin kí “ara wọn lè le”. Ara á le lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọpọlọ á rí i pé tẹsitósítẹ́róònù ti pọ̀ lẹ́jẹ̀, á ní kí kórópọ̀n sinmi, sípáàmù á sì lè gbẹ di òdo. Mo ti rí ọkùnrin tó wá wá ọmọ tó jẹ́ pé abẹ́rẹ́ tó ń gún torí ọmọ náà ló gbẹ ẹ́.

Tí wọ́n bá rí varicocele tó tóbi, iṣẹ́ abẹ lè ràn án lọ́wọ́, kì í ṣe gbogbo ènìyàn. Tí àrùn bá wà, kí wọ́n gbin àtọ̀ náà ní lábù láti mọ kòkòrò tó wà níbẹ̀ kí wọ́n tó fún yín ní oògùn apakòkòrò, kì í ṣe kí kẹ́míìsì kàn já mẹ́ta lé yín lọ́wọ́. Ìgbà mìíràn a ó wo gbogbo ẹ̀ a ò ní rí ìdí kankan, jẹnẹrétọ̀ kàn ò ṣiṣẹ́ dáadáa ni, kò sí oògùn kan tí mo mọ̀ tó ń tún un ṣe láti inú. Àwọn bẹ́ẹ̀ ni ICSI wà fún, láti ọdún 1992 ni wọ́n ti ń bímọ nípasẹ̀ ẹ̀, wọ́n á mú sípáàmù kan tó wà láàyè, wọ́n á fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín gún un wọnú ẹyin, kò tún nílò kó rìn. Ó wọ́n, kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan ni gbogbo rẹ̀ ń dúró, torí náà ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tì yín débẹ̀ lórí ìwé tẹ́ẹ̀sì inú kọ́ńdọ̀mù yẹn.

Tí ẹ bá ṣe èyí tuntun, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi, kí ẹ kọ iye ọjọ́ tí ẹ fi kóra ró sí i, àti aago tí ẹ gbà á àti aago tí wọ́n gbé e sábẹ́ maikirosíkóòpù.